Ẹni Tó Kọjú Síta

Àwòrán gbọ́dọ̀ jókòó kí gọ́ọ̀mù tó jáde. Ohun tí Màmá Ọ̀gá máa ń sọ fún wa nìyẹn nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwa obìnrin mẹ́ta ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì láti ṣe ìwé àwòrán. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, bó sì ṣe ń bá àwọn ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀ náà ló ń bá fọ́tò sọ̀rọ̀: "Ìwọ, sún díẹ̀. Ìwọ, má bo ọmọnìkejì rẹ mọ́lẹ̀." Ẹnìkejì wa jẹ́ aránṣọ, ó kéré sí àwa méjèèjì dáadáa, òun ló ń kó ègé aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wa. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, gààrí ni mo fi tọ́ ọmọ.

Ìwé tí mò ń wí yìí kì í ṣe álíbọ́ọ̀mù tí ènìyàn kàn ń ki fọ́tò bọ inú ọ̀rá rẹ̀. Ìwé ńlá aláwọ̀ funfun ni, ewé rẹ̀ nípọn. A ó gé àwòrán, a ó tò ó, a ó fi ègé aṣọ tàbí káàdì ìpè ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Màmá Ọ̀gá ló rí i lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, ó sì kó wa mọ́ra. Aránṣọ máa ń pè é ní ùwé, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pè é.

"Ìwé," Màmá Ọ̀gá á ní.

"Ùwé ni iye mi tó bí mi pè é kó tó kú, ma. Ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀ kí èmi náà tó kú."

Ọ̀nà tí a gbà ń to ewé kò jọra. Màmá Ọ̀gá máa ń mú àwòrán tó tóbi jù, á gbé e sí àárín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín gan-an, á wá kó àwọn kéékèèké yí i ká. Aránṣọ kì í tilẹ̀ wo ojú ènìyàn lákọ̀ọ́kọ́. Àwọ̀ ló ń wò. Bó bá rí ìró aláwọ̀ ewé nínú fọ́tò, ègé aṣọ aláwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kó tó mọ ẹni tó ró o. Èmi, ipò ni mo ń tò. Àgbà lókè, àwọn tó tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọdé nílẹ̀, bí a ṣe ń jókòó nílé.

Lọ́jọ́ kan Màmá Ọ̀gá to ewé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, mo na ọrùn wò ó.

"Ẹ ti gbé ìyàwó sókè, ẹ fi ìyá ọkọ sí ìsàlẹ̀. Ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ nínú ìwé?"

"Ìyá ọkọ ti kú," Aránṣọ dáhùn. "Kò lè jà mọ́."

"Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀."

Màmá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́, ó sì gbé ìyá ọkọ sókè.

Òfin kan ṣoṣo wà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbà. Ẹni tó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àwòrán gbọ́dọ̀ máa wo inú ìwé. Bó bá ń wo apá ọ̀tún, a ó gbé e sí òsì. Bó bá ń wo òsì, a ó gbé e sí ọ̀tún. Màmá Ọ̀gá ní ẹni tó bá kọjú síta máa ń fa ojú ẹni tó ń wò ó jáde kúrò nínú ewé. Èmi kò mọ èyí tó ń fa ojú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó kọjú síta ń lọ nìyẹn, bí ẹni tó ti dìde lórí àga tí kò tíì dágbére.

Bí ẹ bá gbé àwòrán àtijọ́ kan síwájú mi, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ti ìsọmọlórúkọ, n ó pe gbogbo wọn ní orúkọ, n ó sì sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti agboolé wọn. N kò ní kọ orúkọ kankan síhìn-ín. Àwọn alààyè inú wọn kò rán mi níṣẹ́, àwọn òkú inú wọn kò sì lè bá mi wí bí mo bá ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í sá fún mi. Ojú ló ń sá.

Ojú ọmọ mi ni mò ń wí.

Ọmọ mi kejì ni, obìnrin. Ọ̀dọ̀ Aránṣọ ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó relé ọkọ. Ó kú nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìjàn-Èkìtì. Ibà ni a kọ́kọ́ pè é. Kò tíì bímọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀dọ́ bá kú, kò sí káàdì ìpè, ẹnikẹ́ni kì í gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ ògiri, òbí kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Títí di òní n kò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì ń mú mi dání ní ẹ̀yìnkùlé kí n má baà ṣubú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ yàrá mi, ó kó gbogbo àwòrán ọmọ náà, àti èyí tí mo fi sáàárín Bíbélì. Àánú ló fi ṣe é. Wọ́n ní bí ìyá bá ń rí ojú ọmọ tó kú, ẹkún rẹ̀ kò ní gbẹ láéláé. Nígbà tí ọdún yí po, mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rí ẹyọ kan."

"Má béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti sun wọ́n."

Mo ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó wo inú fóònù. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà yẹn. Èsì tó padà wá ni pé fóònù ti bàjẹ́, kí Màmá sì fọkàn sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti kú báyìí. Òun dàgbà kó tó kú, nítorí náà àwòrán rẹ̀ pọ̀, wọ́n gba ojú ewé méjì nínú ìwé mi.

Ojú ewé kan ṣófo níbẹ̀, ní apá òsì, láàárín ti àkọ́bí mi àti ti ẹ̀kẹta. Màmá Ọ̀gá ṣí ìwé náà lọ́jọ́ kan, ó ní mo fo ewé.

"N kò fò ó. Ó ní ẹni tó ni ín."

Ó pa ìwé náà dé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé bí ọdún ṣe ń lọ, bí mo bá di ojú, ọmọ náà kì í wá pé mọ́. Eyín iwájú rẹ̀ tó ní àlàfo á wá, àgbọ̀n rẹ̀ kò ní bá a wá. Ọjọ́ mìíràn, ìpéǹpéjú nìkan ni. Ẹ̀rù bà mí pé yóò tán kí n tó kú, àti pé bí mo bá dé ọ̀run, n kò ní dá a mọ̀ láàárín èrò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú ẹ̀rùn, Aránṣọ kó àpòòwé kan wá. Ó fẹ́ to ewé fún fúrídọ̀ọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó da àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì, ó wọlé lọ bu omi mu. Màmá Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó ní kí n pe orúkọ wọn kí òun lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Èyí ti relé ọkọ ní Òde-Èkìtì. Èyí ń rán aṣọ ní Àkúrẹ́. Èyí kò rán aṣọ mọ́, gààrí ló ń tà bíi tèmi. Mo ń pè wọ́n lọ, mo dé ìkángun òsì, mo gba fọ́tò náà sọ́wọ́ ara mi.

"Èyí ńkọ́?" Màmá Ọ̀gá béèrè, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránṣọ padà wọ pálọ̀, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó já a gbà.

"Iye, ẹ jọ̀ọ́! N kò mọ̀ pé ó wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n yín kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní bí mo bá fi ojú ọmọ yìí hàn yín, ọwọ́ mi ni ẹ ó kú sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọwọ́ ta ni òun kú sí? Mú un wá."

Kò mú un wá. Màmá Ọ̀gá dìde, ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì, ó sì gbé e sí iwájú mi.

Ọmọ mi dúró ní ìpẹ̀kun, ẹnìkan gbọ́wọ́ lé e léjìká. Gbogbo àwọn yòókù ń wo ayàwòrán. Òun nìkan ló yíjú sí òsì, ó ń wo ohun kan tí kò sí nínú àwòrán, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ìdajì ojú. Etí òsì, àti àpá kékeré tí òróró gbígbóná dá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníkọ̀ǹpútà kan lójú títì pé kó yọ ọ́ jáde nìkan, kó sì sọ ọ́ di ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin wa ti dé. Ojú ewé apá òsì ló ṣófo, ọmọ náà sì ń wo òsì. Bí mo bá gbé e sí etí ewé, ó ń jáde kúrò nínú ìwé. Bí mo bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ìwé, níbi tí wọ́n ti rán ewé pọ̀, ó ń wo inú ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wò, ó sì kọ ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀ ní ojú ewé kejì. Màmá Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà lè yí i padà. Obìnrin náà tẹ nǹkan, ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa. Ó ń wo ọ̀tún báyìí. Àpá náà wà lábẹ́ etí ọ̀tún.

"Ta nìyí?" mo béèrè.

"Òun náà ni, Màmá. A kàn yí i ni."

"Kì í ṣe òun. Yí i padà."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ìwé, mo sì mú fọ́tò ara mi, mo gbé e sí òsì kó lè rí ẹni wò. Màmá Ọ̀gá da ọwọ́ bo ewé náà.

"Rárá o. Alààyè kì í kọjú sí òkú nínú ewé kan. Ó ń pè yín nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kó pè mí."

"Kì í ṣe nínú pálọ̀ mi. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín."

Aránṣọ ń sunkún, ó ń to ègé aṣọ lórí tábìlì láìwo àwọ̀ rẹ̀. Ó wá rí ọ̀kan, ó ní irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní kó fi í pamọ́. Mo yọ fọ́tò ara mi kúrò. Mo fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn ọmọ náà, mo lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹni tó gbé ọwọ́ lé e ṣì wà ní èjìká rẹ̀, nítorí kò sí bí obìnrin yẹn ṣe lè gé e tí kò ní gé èjìká. Ọwọ́ láìsí ènìyàn. Mo mọ ẹni tó ni ín.

"Ewé náà kò dọ́gba," Màmá Ọ̀gá sọ jẹ́jẹ́. "Apá kan ṣófo jù."

"Kò dọ́gba lóòótọ́."

Mò ń ṣí i lójoojúmọ́. Ẹkún tí wọ́n ní kò ní gbẹ, kò tilẹ̀ wá. Ohun mìíràn ló wá, tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Àwọn eyín tó ní àlàfo, ìpéǹpéjú, àwọn èérún tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, wọn kò wá mọ́. Bí mo bá di ojú, ìdajì ojú yẹn nìkan ni mò ń rí, tó ń wo òsì. Mo máa ń fẹ́ kó yíjú. Kì í yí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi Aránṣọ bóyá ó ṣì rántí bí ojú ọmọ náà ṣe rí láti iwájú.

"Há, Iye! Mo rántí, dáadáa."

"Sọ ọ́ fún mi."

Ó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, pé ó lawọ́, pé bí òun bá bú u, kì í fi sínú. Mo dúró kó dé ibi ojú. Ìwà rẹ̀ ló ń sọ lọ.