Ọjọ́ Tí Kòséwu Sẹ́ Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí alùpùpù ènìyàn bá ti bàjẹ́ tó, tí ó ń tì í bọ̀ tòun ti òógùn, ohun tí Kòséwu, mẹkáníìkì alùpùpù, máa ń sọ fún un ni pé, "Kò séwu." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń rí tí àyà rẹ̀ ń já: bàbá ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó, bàbá yìí sọ pé òun kò rán ọmọ òun níléèwé kó lè máa fọ aṣọ tó kún fún ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n ní kó lọ rí dókítà ojú ní ìlú kejì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà náà ń wá. Kòséwu ní òun ló máa fi alùpùpù òun gbé bàbá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó da irinṣẹ́ sílẹ̀ ní palọ̀, ó ń ṣà wọ́n. Ó mú àpótí sípánà tuntun, oríṣi méjìlá, tó ń dán yinrin. Ó mú òòlù, ó mú wáyà, ó mú pulọ́ọ̀gì méjì. Ṣùgbọ́n pọ́ńpù àtijọ́, gọ́ọ̀mù àti irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ń yọ táyà, ẹsẹ̀ ló fi tì wọ́n sábẹ́ àga.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. "Bàbá ọmọ mi, ẹ ò mú pọ́ńpù?"

"Ṣé fọganáísà tó ń lẹ táyà ni mí ni? Mo fẹ́ kí bàbá rẹ rí i pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe."

"Ojú tí kò ríran yẹn náà ni wọ́n á fi rí i?"

Kòséwu kó irinṣẹ́ tó ṣà, ó jáde.

Òun àti bàbá ti rìn kọjá ìdajì ọ̀nà kí táyà ẹ̀yìn tó rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìṣó tó gùn tó ìka ló gún un. Kòséwu ṣí àpótí, bàbá sì tẹ̀ síwájú láti wò ó.

"Èwo lo máa lò nínú wọn?"

Ó fi sípánà tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù náà, ó wá dì í mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn di abọ́ mú. Kò mọ ohun tó kàn. "Bàbá, kò sí pọ́ńpù. Kò sí gọ́ọ̀mù náà."

"O gbàgbé wọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Oòrùn ti ń mú kí agbẹ̀bí kan tó dé, aṣọ funfun lọ́rùn, lórí ògbólógbòó alùpùpù. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yọ àpò kan tí kò ju búrẹ́dì lọ. Gbogbo ohun tí Kòséwu tì sábẹ́ àga ló wà nínú rẹ̀.

"Aboyún kì í dúró de táyà," obìnrin náà wí, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó ń ṣe é, ó ń kọ́ Kòséwu: "Ẹ máa ha ojú ibi tó lu lára túbù dáadáa, kí gọ́ọ̀mù lè mú un." Kòséwu ń mi orí bí ọmọ iléèwé. Obìnrin náà gbójú sókè. "Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe, sà?"

Kó tó mọ̀, ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀: "Káfíńtà ni mí."

"Abájọ! Mo rí òòlù."

Bàbá yíjú sí òkè, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ rí.

Dókítà ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n ó yẹ ojú náà wò, ó ní kí wọ́n padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ni bàbá tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù: "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa iṣẹ́ rẹ nígbà kan. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn ọ́ tó báyìí."

Ìbá sàn fún Kòséwu bí bàbá bá bú u. Ìtìjú bò ó, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ti pọ́ńpù sábẹ́ àga.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ bá agbẹ̀bí náà nílé ìwòsàn. "Mà, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí."

Ẹnu ya agbẹ̀bí náà. "Mẹkáníìkì? Tí mo sì ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lẹ túbù!" Ó bú sẹ́rìn-ín, débi pé àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà ní ìta bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Etí Kòséwu gbóná janjan. Ó dúró síbẹ̀, kò sá.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, obìnrin náà nu ojú. "Ó dáa. Ṣéènì alùpùpù mi ti ń dún láti ìjẹta. Ẹ wá wò ó."

Kòséwu kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè gbójú sókè.