Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Adékànmí

Tírélà ni Adékànmí ọmọ mi ń wà ní Apápá. Nílé wa ní Amukoko, ó máa ń kó fídíò ẹbí sínú kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, a ó sì máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Èyí tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń wà níwájú.

Kọ̀ǹténà já lù ú ní Ìjọra, ó sì kú. Ìyá kì í sin ọmọ, ilé ni mo jókòó sí. Sànúsí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya fídíò ìsìnkú, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà náà. Mi ò wá lè dé ibi tí Adékànmí ti ń rẹ́rìn-ín láìkọ́kọ́ kan sàréè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Morádéún bínú. "Sànúsí, ṣé orí ẹ pé? Ojú ìyá kì í rí sàréè ọmọ."

"Ẹ jẹ́ n pa á rẹ́, Màmá." Kò wojú mi.

Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n rọra gbé e wọlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tẹ̀ ẹ́. Wọn ò rọra. Okùn bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, pósí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lójijì, ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí. Sànúsí ti ju fóònù sílẹ̀, ó ti bẹ́ sínú kòtò, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń bẹ ọmọ mi pé kó má bínú.