Ọfà Bàbá Mi àti Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ohùn ọsán ọrun ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Lálúpọn, mò ń ṣa ẹ̀wà, nǹkan dún pẹ́n-ún, ọfà kan sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lọ balẹ̀ sínú ewé kókò. Kàmọ́rù, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ló ta á. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọrun. Inú mi dùn sí i, ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́, àfi bí ó ṣe kọjú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Àmọ̀kẹ́, ìwọ lo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọrun mi láàárọ̀! Ìwọ lo bà á jẹ́!"

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má sọ pé ìyá arúgbó yìí ti ń bínú jù. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo sì mọ ẹni tí ó bá jà.

Nígbà tí mo tó Àmọ̀kẹ́, abúlé kan tí kò jìnnà sí Lálúpọn ni à ń gbé. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n sì ń fi ọrun pa àparò tó ń jẹ wá lóko. N ó máa pè wọ́n ní "wọ́n" títí n ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ má torí ìyẹn rò pé inú mi ti rọ̀. Ìbọn wà nígbà náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ariwo ìbọn a máa lé èyí tó kù sá, ọfà kì í sọ fún àparò kejì pé ọ̀kan ti kú. Inú apó awọ ni wọ́n ń kó ọfà wọn sí. Orí àjà ilé ìdáná ni apó náà máa ń wà, lókè ààrò, kí èéfín má jẹ̀ẹ́ kí kòkòrò jẹ igi rẹ̀.

Wọ́n ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń yọ àdá sí. Nínú agboolé tiwa, ó tó ohun tí à ń fa ọrun sí. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọkùnrin ilé a ri ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìdí igi orógbó, wọn a sì máa ta ọfà sí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọlé jù ló ni orí àgbò. Ọdọọdún ni orí àgbò ń wọ ilé wa. Ìyá mi a sè é, wọn a pín in fún gbogbo ọmọ agboolé, etí àgbò sì ni tèmi.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹnìkan sọ fún bàbá mi lóko pé apó ọkùnrin kò yẹ kó máa gbé ilé ìdáná, láàárín ẹsẹ̀ obìnrin. Bàbá mi gbà. Ẹni tó ń kírun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ gba ìyẹn gbọ́ kíákíá! Wọ́n gbé apó wọ iyàrá tiwọn, wọ́n gbé e ti àmù omi tó wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ obìnrin kò lè dé.

Ọjọ́ kejì Iléyá pé. Ọfà àkọ́kọ́ yà sí òsì. Èkejì yà sí òsì. Bàbá mi pààrọ̀ ọsán, wọ́n fi ìka tọ́ ìyẹ́ ìdí ọfà, wọ́n tún ẹsẹ̀ wọn gbé. Ẹ̀kẹta kù díẹ̀ kó bá ewúrẹ́ ìyá àgbà, ewúrẹ́ náà kò sì gba ìdí orógbó kọjá mọ́ títí wọ́n fi tà á. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

"Ta ló dé ìdí ọrun mi?"

Ẹnìkan ní ìyá mi ló gbálẹ̀ iyàrá láàárọ̀ ọdún, pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọrun níbẹ̀. Ìyá mi fi Ọlọ́run búra pé irọ́ ni. Bàbá mi ní kí ìyá mi máa lọ sílé bàbá wọn ní Olódò, kí wọ́n má padà àfi pẹ̀lú adìyẹ funfun kan tí wọn ó fi tọrọ àforíjì. Mo rí ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi wọ inú oko àgbàdo, ẹrù wọn lórí.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló pè mí wọ ilé ìdáná ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bàbá tiwọn máa ń ṣe ọfà nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ti lọ gbé apó náà wá. Wọ́n fa ọfà kan yọ, wọ́n gbé e lé orí ọlọ tí à ń lọ ata lórí rẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i.

"Gbọ́," ni wọ́n wí.

Bí ọfà náà ṣe ń yí, ó ń dún kó-kó-kó. Òmíràn náà ń dún bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn pátá ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ògbólógbòó ọfà kan tí bàbá mi gbàgbé sórí àjà. Ìyẹn yí láìdún rárá. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi kan ẹ̀yìn apó. Ó tutù, ó sì ti hu funfun.

"Àmù ló ń làágùn sí i lára. Igi tó bá mu omi á wọ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ kọ́."

Mo fò dìde kí n lọ kígbe rẹ̀ láàárín agboolé. Ìyá àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Jókòó. Tí o bá lọ sọ lójú gbogbo ilé pé ọwọ́ bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́, ìyá rẹ ò ní wọ ilé yìí mọ́. Jẹ́ kí adìyẹ ó gba ọpẹ́ rẹ̀."

Wọ́n fi epo pa àwọn ọfà náà, wọ́n ń yá wọn lórí ẹ̀yinná, wọ́n ń fi orúnkún tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi dákẹ́ lórí ọlọ, wọ́n sì dá apó padà sí iyàrá, níbi tó jìnnà sí àmù.

Ìyá mi gbé adìyẹ dé. Wọ́n kúnlẹ̀ nínú eruku, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí wọn kò ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ta ọfà kan, ó wọ àárín ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ariwo sọ. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ ti gbà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ itan adìyẹ náà. Mo wo ìyá àgbà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Láti ìgbà náà, ìyàwó tuntun kankan kò wọ agboolé wa tí wọn kò ní nàka sí ìyá mi fún un: ṣọ́ra o, má ṣe bíi tìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ àmù fún ìyá mi. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Mo ṣáà mọ̀ pé mi ò gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí nǹkan kan. Mo kàn ń retí kí bàbá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni." Inú ń bí mi sí bàbá mi, ó ń bí mi sí ìyá àgbà tó gbọ́n jù, ó sì ń bí mi sí ara mi tí mo jókòó nígbà tí wọ́n ní kí n jókòó.

Nítorí náà, mo pe Kàmọ́rù. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ ọlọ, ṣùgbọ́n ọlọ ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ilé mi. Mo yí ọfà rẹ̀ lórí rẹ̀. Kó-kó-kó. Mo bi í níbi tó ń kó wọn sí. Ó ní abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni. Mo fi epo pa á, mo yá a lórí iná èédú, orúnkún mi ń ro mí bí mo ti ń tọ́ ọ. Mo gbé ọrun rẹ̀ sílẹ̀. Mo ká ìró mi sókè, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ lọ, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bọ̀, mo ní kí Àmọ̀kẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó yá, ta á."

Ó ta á. Ó wọ inú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ débi ìyẹ́.

Ó fẹ́ máa fò sókè. Mo ní kò tíì parí, pé kó kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó fi ọwọ́ họ orí, ó sì sọ ọ́: "Àmọ̀kẹ́, má bínú. Ìwọ kọ́, èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi retí rẹ̀ títí wọ́n fi kú.