Oríkì Tó La Ògiri Kọjá

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù ni, láti mọ̀ bóyá mo lè ti ilẹ̀kùn kí n máa lọ sílé. Ọyẹ́ ti mú ní Ṣakí. Eruku bo tábìlì, ó bo àga, ètè gbogbo ènìyàn sì ti là. Ọ̀kadà kan dúró níwájú yàrá wa, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i, mo rí i pé àgbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ òsì ti wú débi pé ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú yàrá yẹn kì í ṣe ti ìjọba. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó àwa mélòó kan jọ láti máa ran àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù lọ́wọ́. A máa ń mú wọn lọ rí dókítà, a máa ń bá wọn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, a sì máa ń wá ibi tí wọn yóò sùn. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, n kò tíì ríṣẹ́, fóònù ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi obìnrin náà ní ìbéèrè: ìgbà wo ni, kí ló fi lù yín, ta ló wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ yunifásítì, fún un lómi ná. Ẹnu tó wú báyìí lo fẹ́ kó fi máa jẹ́jọ́?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára di àgbọ̀n rẹ̀ mú.

Ohun tó sọ fún wa ni mo ń sọ yìí. N kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní abúlé kan lọ́nà Ìgbòho lòun ti wá. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ti sá lọ sí ilé bàbá òun, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn ará ilé ọkọ ti wá bẹ̀bẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n bàbá òun sì dá òun padà. Bàbá tó bí i ti kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà.

Ó ní, "Ọkọ mi ní bí mo bá tún jáde, òun á sin mí sẹ́yìn ilé. Kò pariwo, mà. Ẹ̀bà ló ń jẹ nígbà tó ń sọ ọ́."

N kò ní òṣùwọ̀n tí mo lè fi wọn ìhalẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé nọ́ọ̀sì, tó ti gbọ́ oríṣiríṣi, gbé òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n pe Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀.

Ilé ààbò kan ní Ìbàdàn gbà láti gba ìyá àti ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ wọn máa tó lè wá. Ohun tó kù wá rọrùn lẹ́nu: kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó wà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Alhaja kan, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, ló máa ń gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ sílé. A ní òfin fún ẹni tó bá gbàlejò: má bèèrè orúkọ rẹ̀, má bèèrè ìlú rẹ̀, má bèèrè ọkọ rẹ̀. Ohun tí ẹnìkan kò bá mọ̀, kò lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alhaja sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìbátan òun láti Ìsẹ́yìn ni, pé eyín ló ń dà á láàmú. Gbogbo ènìyàn ní "ẹ kú àlejò," ó sì parí síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé oògùn lọ síbẹ̀. Alhaja jókòó sí àgbàlá pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀. Obìnrin náà jáde wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Alhaja gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

Ó ní, "Èyí ò dáa. Ọmọ ń kúnlẹ̀ fún mi látàná, èmi kàn ń sọ pé 'káàárọ̀' bí ẹni ń dá onífóònù tó ṣìnà lóhùn. Ọmọ mi, kí ni oríkì rẹ?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é, mà."

"Ìdí rẹ̀ tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Oríkì ilé yín ńkọ́?"

Ó sọ méjèèjì jẹ́jẹ́. Alhaja nà ró lórí àpótí tó jókòó lé. Ìyá tó bí Alhaja mọ oríkì agbolé púpọ̀, ó sì kọ́ ọ. Ó pe oríkì àbísọ obìnrin náà, ó wá gbé ti ilé wọn lé e: ohun tí àwọn baba ńlá wọn ṣe, oko tí wọ́n kọ́kọ́ dá, èyí tí wọn kì í jẹ, èyí tí wọn kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá mọ ilé lè tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ohùn Alhaja ròkè, kò dín in kù, nítorí a kì í fi oríkì sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Láti ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà kò sunkún lójú mi. Ó sunkún níbẹ̀, lórí eékún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mu ògì abọ́ kan tán. Mo rò ó nígbà yẹn pé oríkì náà ṣiṣẹ́ ju oògùn tí mo gbé wá lọ, n kò sì tíì yí èrò náà padà. Alhaja kò rú òfin kankan. Kò bèèrè orúkọ, kò bèèrè ìlú, kò bèèrè ọkọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rò ó láti fi oríkì kún òfin, nítorí kò sí ẹni tó ń ka oríkì sí ìròyìn. Ìkẹ́ ni.

Mo ṣì wà níbẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín òun àti Alhaja wọlé, téèpù lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Alhaja! Ẹ ò ṣe é re rárá! Ọmọ ilé wa ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wá ń parọ́ ará Ìsẹ́yìn fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ jí wa lọ́mọ ni?"

"Etí rẹ gùn ju ti ehoro lọ," ni Alhaja dáhùn.

"Etí tó bá gbọ́ oríkì ilé bàbá rẹ̀ tí kò dìde, etí òkú ni." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Àbúrò mi, ta ló bí ọ nínú wa?"

Obìnrin náà wò mí. Mo mi orí díẹ̀ pé rárá, bóyá ó rí i, bóyá kò rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi irọ́. Ọmọ ilé ẹni ti fi oríkì dá ẹni mọ̀, ó ń bèèrè bàbá ẹni. Ta ni yóò sẹ́ òkú bàbá rẹ̀ lójú ẹbí? Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Aránṣọ kígbe ayọ̀, ó fà á dìde, ó dì mọ́ ọn.

Alhaja fa aránṣọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣàlàyé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹnu mọ́. Mo gbọ́ tí aránṣọ búra. Ẹ̀yìn ìbúra yẹn ló wá sọ ọ́ ní ohùn mìíràn:

"Ṣùgbọ́n mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi nílé kí n tó wọlé wá. Inú rẹ̀ dùn."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé mìíràn lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kejì tó máa ń gbàlejò ti lọ sí ìsìnkú ní Àgọ́-Àrẹ. Ó ní òun ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo dé ilé Alhaja ní àárọ̀ náà, ọkọ̀ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin náà ló ṣáájú, àgbà méjì láti ilé ọkọ tẹ̀lé e. Ọkọ náà jókòó nínú ọkọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo pe ọlọ́pàá tó máa ń ràn wá lọ́wọ́. Ó ní òun wà lọ́nà jíjìn, òun ti ń bọ̀, kí a ṣáà dá wọn dúró. Nọ́ọ̀sì, tó ti ṣáájú mi débẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ilé ńkọ́, oko ńkọ́. Ó gbé omi wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ní, "A dúpẹ́. A ò ní mumi. Ọmọ wa la wá mú."

"Ọmọ yín rèé, sà. Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀."

"Mo rí i. Ìyàwó wo ni ọwọ́ ọkọ ò kàn rí? Èmi náà ti ṣe é rí, mo sì ti bẹ ìyàwó mi."

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ó ní òun á sin mí."

"Ìbínú ni."

"Kò bínú, sà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó tọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bọ́ ọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Bó bá ṣe é, a gbà pé orí rẹ ni yóò gbé ẹrù náà títí ayé. N kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà. Mo kàn mọ̀ pé bí àyà rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀, èmi náà ti na ọwọ́ láti gbé e dìde.

Obìnrin náà figbe ta, ó gbá a mú léjìká. "Ẹ má ṣe é! Bàbá, ẹ má ṣe é. Mo ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ jẹ́ n lọ, mà. Wọn ò ní fi yín sílẹ̀."

Ó pọn ọmọ. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ má pa fóònù yín o." Ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìgbòho. Eruku rẹ̀ ti rọlẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń sọ pé, "Ayọ̀ ni mo fi pè wọ́n. Ayọ̀ ni."

Ọkọ̀ Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bí wọ́n ti ṣèlérí. Òfìfo ló padà.

N kò pa fóònù. Ọlọ́kadà kan ní òun rí i ní gáréèjì Ìsẹ́yìn. Mo bi í pé àgbọ̀n wo ló wú, ó ní ti ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ní ara rẹ̀ le, pé ó ń dáná fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í síwájú sí i, ó ní ẹnìkan ló sọ ọ́ fún òun. Nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè, mo gbọ́ ikọ́ ọmọdé, ó sì já. Nígbà tí mo pè é padà, wọ́n ti pa á. Gbogbo ọmọdé ló ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́. N kò kà á kún nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá náà àti èmi lọ sí abúlé wọn ní àárọ̀. Ọkọ náà gbé àga fún wa. Ó kí nọ́ọ̀sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ẹtì ni ìyàwó òun àti ọmọ ti lọ sí Ìgànná, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, pé òun nìkan ló kù nílé. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn yàrá obìnrin náà láti ìta. Ó ní ìyàwó òun ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Kò ní ìwé àṣẹ tó lè fi já a.

Mo ní mo fẹ́ tọ̀, mo sì bọ́ sẹ́yìn ilé. Okùn kan wà níbẹ̀ láàárín ilé ìdáná àti igi káṣú. Aṣọ ọmọdé kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ tí a bá sá ní òwúrọ̀ ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán tán. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù. Omi ṣì ń kán ní ìṣẹ́tí rẹ̀.