Bébà Sìmẹ́ǹtì Tí Ìyá Mi Fi Ń Di Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Òórùn rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ kan imú mi. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Mo ti ra ata àti ẹja tán ní Apple Junction, mo ń wá ohun tí yóò gbé mi wọ inú Festac, ni Ṣẹ́gun, ọmọ aládùúgbò mi tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà, bá dúró níwájú mi. Ó ní kí n gòkè, ilé náà lòun ń lọ. A kò tíì rìn jìnnà tí òórùn náà fi dé. Mo ń wọ̀tún wòsì bóyá àwọn kan ń dáná sun táyà nítòsí. Ṣẹ́gun ló bojú wẹ̀yìn.

“Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín! Ẹ gbé e kúrò lórí sàlẹ́ńsà!”

Lóòótọ́ ni. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti yọ́ lẹ̀ mọ́ páìpù tí èéfín ń gbà jáde, etí ẹsẹ̀ mi gan-an sì ti kàn án, ó ti pọ́n. Ọmọ náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló ti ẹsẹ̀ mi sínú iná. Ó bi mí pé ṣé n kò mọ̀ ọ́n lára ni. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní àgbà ló ń dé. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mo mú sílípáàsì náà lọ́wọ́, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Òórùn yẹn kì í ṣe àlejò sí mi.

Inú Festac yìí náà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni ẹ kò mọ bó ṣe rí nígbà náà. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ń yọ lálẹ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń gé koríko sì ń wá láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Igi fúrúùtù ńlá kan wà láàárín kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tí ilé wa wà. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọdé ń pé sí, tí a ń fi òkúta fọ́ kóró èso rẹ̀ jẹ, tí ètè wa á pọ́n bí ti arúgbó tó ń jobì. Abẹ́ igi yẹn ni bàbá mi máa ń gbé máṣíìnì wọn sí.

Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Èkó lọ́hùn-ún, lẹ́yìn afárá. Kí wọ́n tó kúrò ní Mile 2, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ á ti mú. Máṣíìnì tó bá ń sáré kò níbi, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó sì ń fẹ́ sí ẹni tó gùn ún. Ìgbà tó bá dúró sáàárín ọkọ̀ ni iná inú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò jẹ. Oòrùn lókè, ọ̀dà gbígbóná nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì láàárín ẹsẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ẹ̀wà ń rí nínú ìkòkò, kó gun máṣíìnì lọ sí Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá mi ló wá ọgbọ́n dá sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé lápá Amúwo, ìyá mi á lọ tọrọ àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo, wọn á gbọn eruku rẹ̀ dànù, wọn á gé e, wọn á ṣẹ́ ẹ po. Láràárọ̀, bí a bá ti gbàdúrà tán, bàbá mi á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọn á ká ṣòkòtò sókè. Ìyá mi á kúnlẹ̀, wọn á fi bébà náà yí ojúgun ọkọ wọn ká láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọn á sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà dì í. Bí ṣòkòtò bá ti bò ó, ojú lásán kò lè mọ̀. Ìgbà tí bàbá mi bá dìde rìn ni a óò gbọ́ ọ, ṣàká-ṣàká. Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, á ní Dádì ti di àkàrà inú bébà, àwa méjèèjì á sì sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ la fẹ́ràn jù. Bí máṣíìnì bá ti dúró sábẹ́ igi, àwa ọmọdé á lọ lóṣòó tì í, a ó máa gbọ́ bí irin rẹ̀ ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bó ti ń tutù. A ó máa bi ara wa bóyá ó ti sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí i lára, torí bàbá mi ti kìlọ̀ pé omi tútù lórí irin gbígbóná, fífọ́ ní ń fọ́ ọ. Nínú ilé, ìyá mi á ti dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀pù ńlá. Omi inú fíríìjì ni, tó tutù débi pé ń ṣe ni ara kọ́ọ̀pù ń làágùn, wọ́n á sì ti po gúlúkóòsì sí i. Nígbà yẹn, kò sí oògùn oòrùn tó ju gúlúkóòsì lọ. Wọ́n ń fún wa mu níléèwé bí a bá sáré ìje tán. Ìgbàgbọ́ ìyá mi ni pé iná ẹ́ńjìnì a máa fa okun jáde lára èèyàn, a sì ní láti dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá mi á gbé e mu láìmí, wọn á ní ó kù kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan wá dé tí kọ́ọ̀pù kan kò tó mọ́. Bàbá mi á mu, wọn á tún mu, òùngbẹ náà kò sì lọ. Wọ́n ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ń rù, bẹ́líìtì wọn ń fẹ́ ihò tuntun. Eèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ sí ilé ìtọ̀ wa, ìyá mi sì ní àwa ọmọ la da mínírà síbẹ̀, Kúnlé jẹ ìyà ọ̀ràn tí kò mọ̀dí. Bí ìyá mi ti wo ọkọ wọn títí, wọ́n ní máṣíìnì yìí ló ń fa omi ara ọkọ àwọn gbẹ. Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n fi ṣíbí gúlúkóòsì kún ṣíbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú bébà bí ìṣe wọn, bàbá mi sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

“Ìyá Kúnlé, fi bébà yẹn sílẹ̀. Ooru náà kì í jó mi mọ́. Ara mi ti mọ̀ ọ́n.”

Inú wa dùn, kí n má purọ́. Ó di ìran ní kúlóòsì wa. Bàbá mi á délé, wọn á fi ẹsẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, wọn á sì máa bá àwọn bàbá aládùúgbò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fara ti ògiri. Àwọn yẹn á mirí, wọ́n á ní ọkùnrin mẹ́ta ni. Mo gbìyànjú ẹ̀ náà. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní kúlóòsì kejì. Àpá rẹ̀ rèé ní ẹ̀gbẹ́ ojúgun mi. Bàbá mi gbé mi pọ̀n wọlé, ìyá mi fi àdín pa á, bàbá mi sì ní kí n má sunkún, pé ara mi kò tíì gbó ni. Mo jowú wọn. Mo gbàdúrà kí ara mi tètè gbó.

Ẹ̀yìn náà ni òórùn kan wọ ilé wa. A ní èkúté ló kú. A gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, a tú abẹ́ ibùsùn, Kúnlé fi àyà wọ́ dé ibi tí ìgbálẹ̀ kì í dé. Ìyá mi da oògùn apakòkòrò sí gbogbo igun. A kò rí èkúté. Bí òórùn náà bá wà ní pálọ̀, a ó tú pálọ̀ kalẹ̀, yóò sì wọ yàrá lọ. Nísinsìnyí tí mo wò ó sẹ́yìn, ibi tí bàbá mi bá wà ló ń wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ro irú èrò bẹ́ẹ̀? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ó rẹ bàbá mi gan-an, wọ́n ní kí n wá bá àwọn bọ́ bàtà. Mo bọ́ bàtà. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, kò wá. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Mo tún rọra fà á, mo sì rí ọrùn ẹsẹ̀ bàbá mi. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Òórùn tí a ń wá káàkiri ilé bú jáde sí mi lójú, mo bú sẹ́kún.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. “Kí ló dé? Ta ló nà ọ́?”

Wọn kò mọ nǹkan kan.

Ní ọsibítù, dókítà bi ìyá mi nípa ohun tí bàbá mi ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu. Ìyá mi sì sọ ọ́ fún un tayọ̀tayọ̀, bí aya tó mọ ìtọ́jú ọkọ, bí òun ti ń po gúlúkóòsì, bí òun ti ń fi kún un. Dókítà náà kò wò wọ́n lójú mọ́. Ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ó ti wà lára wọn tipẹ́. Òun ló ń fa òùngbẹ, òun ló ń pe eèrà, òun náà ló pa ẹsẹ̀ tí kò fi mọ iná mọ́. Máṣíìnì ń jó ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kò sì lè ké. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi nísàlẹ̀ orúnkún.

Ìyá mi jókòó sẹ́bàá ibùsùn náà, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. “Èmi ni mo fi ọwọ́ mi pò ó.”

Bàbá mi ní, “Òùngbẹ gbẹ mí, o fún mi lómi. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.”

A gbé bàbá mi wálé. Abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tí eruku ti bò. Nígbà míì, wọ́n á ní kí Kúnlé fi ẹsẹ̀ ta á kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá kú, a ó dákẹ́, a ó máa gbọ́ bó ti ń tutù, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè bóyá ó ti sùn. Bébà sìmẹ́ǹtì tó kù wà ní ṣíṣẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e kò parí lójú bàbá mi.

Ìyá mi kò fi ṣúgà sẹ́nu mọ́ títí wọ́n fi kú. Ògì lásán ni wọ́n ń mu. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé abọ́ omi méjì kalẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Wọ́n á fi gèlè di ojú wa, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wa sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bi wá pé kí la mọ̀ lára, gbígbóná ni àbí tútù. Àwa ń rẹ́rìn-ín, omi náà ń rìn wá ní ṣígìnnìṣígìnnì. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, mo pa àṣà náà tì. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹkún ni, kó bá Màmá lọ.

Wọ́n ti gé igi fúrúùtù náà lulẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n tún ń fi òmíràn kún un. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ, ọkọ̀ ló ń já omi fún wa. Àwọn ọmọ bíi Ṣẹ́gun ní ìbọ̀wọ́, wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀ gígùn, wọ́n ní akoto tó dáa ju ti bàbá mi lọ. Ooru nìkan ni kò yí padà, òun àti ara èèyàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí sílípáàsì mi jó, mo pe Tómi, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó gbé abọ́ omi méjì wá, mo sì fi gèlè di ojú ara mi. Ẹsẹ̀ òsì kò ṣòro. Mo ní tútù, mo ní gbígbóná, Tómi ní mo gbà á. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo dúró, mo dúró. Mo ní kó jọ̀ọ́ gbé omi gbígbóná wá.

Tómi di orúnkún mi mú. “Gránmà, ẹsẹ̀ yín ti wà nínú ẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ Ṣẹ́gun kó gbé mi lọ sí ọsibítù kí oòrùn tó mú. Kí ó tó dé, mo rán Tómi lọ tọrọ àpò sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù níta. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀, mo sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ àti bí wọ́n ti ń yí i. Ó di ti òsì, mo ní kó tú u díẹ̀, ó le jù. Ó di ti ọ̀tún, ó gbójú sókè, ó bi mí pé ìyẹn ńkọ́, ṣé kò le jù.

Mo ní kí ó fi ojú ara rẹ̀ bá mi wò ó.