Ìkíni Gba Ojú Ìwé Mi, Ìtàn Kò Ráyè Jókòó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kọ ìwé, ẹ jókòó ná, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Dùgbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ti rẹ̀ mí díẹ̀, nítorí náà n kò ní jẹ́ kó dùn ju bó ṣe rí lọ.

Ìtàn bàbá mi tó ti kú ni mo kọ. Láti Ṣakí ni bàbá mi ti máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tàmálè ní Góòlù Kóòsì, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ń ru aṣọ òfì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, jọ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu Bàbá Àgbà sì ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí nílé wọn ní Èkótẹ̀dó. Bàbá Àgbà nìkan ló kù nínú àwọn tó rin ọ̀nà yẹn. Mo fẹ́ kí ìwé náà jáde nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní ti bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo lọ dúró ti àwọn tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé, mo bi wọ́n léèrè títí wọ́n fi ń sá fún mi. Ojú kan bébà ni kí ẹ táípù sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi àlàfo ìlà kan sílẹ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì. Ẹ fi ààyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò sílẹ̀ lápá òsì, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń kà á yóò máa kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹ fi bébà kábọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀dà kan lè kù nílé. Ẹ má rán etí ìwé pọ̀ o, okùn ni kí ẹ fi dì í. Rìbọ́nù tó bá sì ti ṣá, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má fi ìyà jẹ ojú ẹni ẹlẹ́ni.

Gbogbo èyí ni mo ṣe. Ṣé kò yẹ kó tó?

Ọ̀gbẹ́ni kan wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀, tí ẹ bá ti ibùdókọ̀ ojú irin ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Adéògún. Aṣojú òǹkọ̀wé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ìwé lọ́wọ́ irú wa, kí ó yan èyí tó dára, kí ó sì gbé e lọ fún àwọn òyìnbó tó ń tẹ ìwé Yorùbá. Ó ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé bí òjò bá ti dá, òun yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, àti pé ìwé mélòó kan péré lòun lè gbé dání.

Ẹ wá gbọ́. Ta ni nínú wa tí yóò wọ ilé onílé láìkí ará ilé? Bí mo ṣe kọ ìwé náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo júbà ọba wa ní Ṣakí. Mo kí pásítọ̀ wa, mo kí àwọn díákónì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan má baà bínú. Mo kí tíṣà tó kọ́ mi ní A, B, D. Mo kí Ọ̀gbẹ́ni Adéògún fúnra rẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo gbàdúrà kí ojú òkun tutù fún un. Bàbá Àgbà ni mo sì fi ṣíwájú gbogbo wọn lẹ́yìn ọba, mo ki oríkì wọn kúnnákúnná. Nígbà tí mo kà á sí wọn létí, wọ́n ní kí n tún ibi tí orúkọ wọn wà kà. Mo tún un kà. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún un dé.

Mo gbé ìwé náà lọ sí Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ gbọ́ èsì, Ọ̀gbẹ́ni Adéògún bi mí bóyá èmi ni mo táípù rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Inú mi dùn. Ó wá ti ìwé náà padà síwájú mi lórí tábìlì.

“Ṣé kò dára ni, sà?”

“N kò mọ̀ bóyá ó dára. N kò tíì dé ibẹ̀.”

Ó ṣàlàyé pé ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ lòun máa ń kà nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan kan kò bá di òun mú níbẹ̀, òun yóò gbé e sílẹ̀, nítorí ìwé tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ojú òun lọ.

“Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì, láti Ṣakí lẹ ti ń kí mi bọ̀. Mo ń jẹ́ ‘ẹ kú ilé’, mo ń jẹ́ ẹ títí, ẹ kò wọlé.”

“Ṣebí Yorùbá lẹ̀yin náà, sà.”

“Yorùbá ni mí. Ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún ni kò mọ díákónì yín.”

Ó gbà pé kí n tún un kọ, kí n mú un padà wá kí òun tó wọkọ̀.

Ó rọrùn láti yọ díákónì. Tíṣà náà yóò dárí jì mí. Àmọ́ Bàbá Àgbà ńkọ́? Ìyá mi ló ní kí n kó gbogbo ìkíni náà sẹ́yìn ìtàn. Wọ́n ní ṣé àlejò tó ń lọ kì í kí ará ilé ni? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo lọ sí Èkótẹ̀dó, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé.

“Ẹ̀yìn,” ni Bàbá Àgbà wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lẹ́yìn tí ìtàn bá parí.”

“Sámú, ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìnáwó, ibo ni wọ́n ń fi í jókòó sí?”

Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn.

“Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀yìn ni, sà.”

“O kúkú mọ̀ ọ́n. Dìde, máa lọ.”

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní kí n fi Bàbá Àgbà sílẹ̀, pé ìbínú ẹbí kì í pẹ́. Ó pẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo tún ìwé náà táípù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí odò kan tó kún nílẹ̀ Tógò: bàbá mi ń fa okùn níwájú, Bàbá Àgbà ń tì lẹ́yìn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n fi ń sọdá odò. Mo gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Orí ìdúró ni Ọ̀gbẹ́ni Adéògún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ fa àga, ó jókòó.

“Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí padà wọ ọkọ̀?”

“Ó wà níwájú, sà.”

Ó gbé ìwé náà sínú àpótí ìrìn-àjò rẹ̀. Ó ní òun kò ṣèlérí o. Mo ní mo gbọ́.

Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. Bàbá Àgbà náà kò bá mi sọ ju “pẹ̀lẹ́” lọ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń wo ibòmíràn.

“Ìwé ọ̀hún, ṣé wọ́n ti dáhùn?”

“Rárá, sà.”

“Hẹn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn, etí rẹ̀ kan gé. Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀?”

“N kò kọ ọ́, sà.”

“Mo mọ̀.” Wọ́n ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n ní kí n wá sílé, kí n wá gbọ́ ohun tó gé e.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìtàn kọ́kọ́ wọlé, kí ìkíni máa bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má ka orúkọ àgbà sí i létí nínú ìwé tí aṣojú kò tíì gbà, torí ibi tí ẹ bá kà á sí ni yóò ti máa wá ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìwé ránṣẹ́ rí, kí ni wọ́n dá yín lóhùn? Ta ni ó bínú sí yín nílé? Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn yìí, kí a jọ kà á. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mò ń lọ sí Èkótẹ̀dó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.