Ọjọ́ Tí A Lọ Ya Fọ́tò Nínú Snow ní Okotoks

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Wálé wá gbé mi ní Penbrooke Meadows, àdúgbò tí mò ń gbé ní Calgary, ní Kánádà. Ẹnjiníà ni wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, àwọn ló máa ń bá mi gbé iná àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Mojí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí a fẹ́ yà, ti jókòó sẹ́yìn, ó di ara ẹ̀ bí ẹrù. Wáyà kan ṣì ń rọ̀ dirodiro níwájú ọkọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbí, tí òtútù bá pọ̀, wọ́n máa ń fi wáyà so mọ́tò mọ́ iná mọ́jú bí ẹni ń ṣaájì fóònù, kí ẹ́ńjìnnì má baà dì.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Linda ló pè wá. Ó ń ta kóòtù àti bàtà òtútù ní Okotoks, ìlú kékeré tó wà ní gúúsù Calgary, ó sì fẹ́ fọ́tò tuntun tó máa fi polówó ọjà. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí bàjẹ́ rárá. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ fọ́tò, níbi tí eruku àti òógùn ti jẹ́ ọ̀tá kámẹ́rà. Mo rò pé kò sí ọ̀tá míì.

Títì tó lọ sí Okotoks fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Wọ́n ti kó snow kúrò lórí ẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí táyà má baà yọ̀. A yà ra tíì nílé epo, ife kan lé díẹ̀ ní dọ́là méjì.

"Owó yìí á ra búrẹ́dì ńlá nílé," Ẹ̀gbọ́n Wálé ní, wọ́n sì mu ún tán.

Minus twenty-eight ló hàn lójú ọkọ̀. Fírísà tí ẹ ń kó ẹja sí nílé gan-an ò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Linda mú wa lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú. Bí mo ṣe mí, èémí mi di yìnyín lára kámẹ́rà. Irun ìpéǹpéjú mi lẹ̀ mọ́ ibi tí mo ti ń yọjú wò lára ẹ̀. Bátìrì tó máa ń gbé mi dé ọ̀sán kú kí n tó ya nǹkan gidi. Mo fi í sí abíyá kó lè móoru, mo fi òmíràn sí kámẹ́rà, nígbà tó yá ó jí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pààrọ̀ wọn, ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, èkejì lábíyá. Mojí nìkan lara ẹ̀ yá, torí kóòtù Linda ló wọ̀.

"Àǹtí Fọlákẹ́, this cold no get respect o," ó ní.

Irin ìdè tó di iná kan mú lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tú. Ẹ̀gbọ́n Wálé bọ́ ìbọ̀wọ́ láti dè é, irin náà sì lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ráhùn, wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò wọ ìbọ̀wọ́ padà, torí ìdè yẹn ò yéé tú.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn yọ. Yìnyín wẹ́wẹ́ ń tàn nínú afẹ́fẹ́ bíi wúrà lẹ́búlẹ́bú. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mò ń yà, mò ń yà, Linda sì ń ní kí n tún ya díẹ̀ sí i. Ìgbà tó ṣe ni mo wòye pé Ẹ̀gbọ́n Wálé ti dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ti dáa. Kò dùn mí mọ́."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mojí ló sún mọ́ wọn, ló bá pariwo: "Àǹtí, ẹ wá wo ìka wọn!"

Orí ìka mẹ́ta ti rí bí eérú, ó le bí àbẹ́là. Mo wo oòrùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pa kámẹ́rà.

Linda ò bá mi jiyàn. Ẹ̀gbọ́n Wálé fẹ́ máa fi ọwọ́ ra ọwọ́, bí a ṣe ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n Linda dì wọ́n mú, ó ní fífi ọwọ́ ra á máa ń ba ẹran ara jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní kí wọ́n ki ìka bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò gbóná. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà, omijé ń dà lójú wọn, wọ́n ń pe orúkọ ìyá wọn.

Mo ti sáré gbé kámẹ́rà wọlé lẹ́yìn wọn. Kíá, omi bò ó bí ìgò míníràà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, ó wọ inú ojú ẹ̀, kò tàn mọ́. Ìgbà yẹn ni Linda sọ fún mi pé inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń dì í sí kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí omi lè dúró lára ọ̀rá. A yọ káàdì ẹ̀, a wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní èyí tí òun rí ti tó.

Ẹ̀gbọ́n Wálé ò lè di sítíárì mú, ló bá di èmi, tí mi ò wakọ̀ jáde nígboro nínú snow rí.

"Rọra," wọ́n ní. "Tó bá yọ̀, má tẹ bíréèkì lójijì."

Mojí ń gbàdúrà sókè lẹ́yìn. A kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní awọ á bó, ṣùgbọ́n ìka á dúró. Ní Rundle, níbi tí Ẹ̀gbọ́n Wálé ń gbé, ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn.

"Daddy, what happened to your hand?"

"Mo lọ ya fọ́tò ni," wọ́n ní. Ìyàwó wọn di ọwọ́ yẹn mú.

Nílé wa, tí ìrora bá lọ, a máa ń dúpẹ́. Níbí, ìgbà tí òtútù ò bá dunni mọ́ ló yẹ kéèyàn sá. Mi ò bi ẹni tó bá mi jáde mọ́ bóyá òtútù ń mú un. Mo máa ń ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kí n fojú ara mi rí ìka ẹ̀.